Àìsàn ìfun IBS: bí ìṣègùn òyìnbó àti ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ṣe ń wò ó

Ẹni tí inú ń run lemọ́lemọ́, tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ yìí tí kò sì rí ìgbẹ́ yà lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, lè lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò rí ohunkóhun tí ó bàjẹ́. Bí ẹni kan náà bá gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà lọ, onítọ̀hún lè ní kí ó yọ ahọ́n síta, kí ó fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ni agbára tí ń da oúnjẹ lára. Kò yani lẹ́nu bí aláìsàn bá rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí ó ń sọ. Síbẹ̀, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ìbéèrè tí oníkálukú fi ń wò ó ló yàtọ̀, ibi tí àwọn ìbéèrè náà sì ti yapa gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe mọ̀ kí ó tó gbé oògùn kankan mì.

Orúkọ tí ìṣègùn òyìnbó ń pe àìsàn yìí ni IBS, ìkékúrú irritable bowel syndrome. Àìsàn bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ara ìfun fúnra rẹ̀ kò ní egbò, kò sì jẹrà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kì í fi í rí i, nítorí pé bí ara ṣe rí ni ẹ̀rọ ń fi hàn, kì í fi ìrora hàn. Níwọ̀n bí kò ti sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán kan tí ó lè fi ìdí IBS múlẹ̀, ohun tí aláìsàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni dókítà ń gbé ìdájọ́ kà. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Rome IV, tí àwọn onímọ̀ nípa ìfun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ gbé jáde ní 2016, sọ pé inú gbọ́dọ̀ máa run ènìyàn ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, àti pé méjì nínú ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ bá ìrora náà rìn: kí ìrora náà ní í ṣe pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀, kí iye ìgbà tí ènìyàn ń yàgbẹ́ yí padà, tàbí kí bí ìgbẹ́ ṣe rí yí padà. Ó tún gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kàn ń kùn tàbí tí ó ń wú láìsí ìrora kò bọ́ sínú ìlànà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe irú rẹ̀ náà ní IBS.

Ní ti bí ìgbẹ́ ṣe rí, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Bristol Royal Infirmary nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó pín ìgbẹ́ sí oríṣi méje. Èkíní ni èyí tí ó le, tí ó wà ní kóró-kóró, tí ó sì ṣòro láti yà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó gùn, tí ó rọ̀, tí ara rẹ̀ sì dán. Èkeje ni omi lásán tí kò ní kókó kankan nínú. Bí oríṣi èkíní àti èkejì bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbọ̀nsẹ̀ aláìsàn lọ, tí oríṣi ẹ̀kẹfà àti èkeje kò sì tó bẹ́ẹ̀, dókítà yóò pè é ní IBS-C, ìyẹn èyí tí àìrígbẹ́yà gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, ó di IBS-D, ti ìgbẹ́ gbuuru. Bí méjèèjì bá sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, IBS-M ni. Ìpín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, torí pé oògùn tí ó tu ẹni àkọ́kọ́ lára lè dá ẹni kejì lóró. Ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ níwájú dókítà, ṣùgbọ́n lórí àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gan-an ni àyẹ̀wò.

Kí ló wá ń fa ìrora nígbà tí kò sí egbò? Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníwàádìí ti ń fi bàlúùnù kékeré sínú ìsàlẹ̀ ìfun ńlá àwọn aláìsàn IBS àti ti àwọn tí ara wọn dá, tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn IBS ti ń jẹ̀rora nígbà tí bàlúùnù náà kò tíì tóbi tó ohun tí àwọn yòókù yóò kà sí. Ìyẹn ni pé iṣan ìmọ̀lára ìfun wọn ń gbé ìròyìn tí ó ti pọ̀ jù lọ sí ọpọlọ, tàbí kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ má lè mú ìròyìn náà rọlẹ̀ bí ó ṣe yẹ, tàbí kí ó jẹ́ méjèèjì. Èròjà serotonin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ àti ayọ̀, wà nínú ìfun ju inú ọpọlọ lọ fíìfíì: nǹkan bí 90 nínú 100 gbogbo serotonin ara ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí ìfun máa tì oúnjẹ síwájú àti láti ta iṣan ìmọ̀lára lólobó. Nítorí náà, bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn tí ìgbẹ́ sì ń gbọ̀n ọ́n, kò sí ohun tí ó ń fọkàn rò tí kò sí. Ọ̀nà gidi kan ni ìròyìn náà gbà láti orí dé ìfun, ọ̀nà kan náà ni ó sì tún ń gbà padà. Àwọn onímọ̀ ti wá ń pe irú àìsàn yìí ní àìsàn àjọṣe ìfun àti ọpọlọ.

Àìsàn inú tí kòkòrò àìfojúrí fà náà lè jẹ́ orírun rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, omi ẹ̀rọ ìlú Walkerton ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà di omi eléèérí nítorí kòkòrò E. coli O157:H7 àti Campylobacter. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí ó ṣàìsàn, méje sì kú. Àwọn oníwàádìí tẹ̀ lé àwọn ará ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé IBS pọ̀ láàárín àwọn tí inú ti ṣàn nígbà náà ju àwọn tí kò ṣàìsàn lọ, kódà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Kòkòrò náà ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìfun kò gbàgbé. Èmi a máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìlú yìí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé orí aláìsàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ IBS wà.

Kí dókítà tó sọ pé IBS ni, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara tí ń rù láìjẹ́ pé ènìyàn dín oúnjẹ kù, àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà tí kò lọ, ìgbẹ́ gbuuru tí ń jí ènìyàn lójú oorun lóru, àmì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni ọdún 50, tàbí kí jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ṣe ẹnì kan nínú ẹbí: ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí ń béèrè fún ìwádìí jinlẹ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe ìwà IBS. Fún ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn, ìwọ̀nba àyẹ̀wò tó: ti ẹ̀jẹ̀, ti àìsàn celiac tí èròjà gluten inú àlìkámà ti ń ba ìfun jẹ́, àti àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí ń wá èròjà calprotectin, tí ó máa ń pọ̀ nígbà tí àìsàn bíi Crohn tàbí ulcerative colitis bá ti mú kí ara ìfun wú. Kò yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo inú ìfun gbogbo ẹni tí inú bá ń run.

Ìtọ́jú òyìnbó kò ní oògùn kan tí ń wo IBS sàn pátápátá. Ó ní ohun púpọ̀ tí ń dín in kù. Fáíbà tí ń yọ́ nínú omi, irú èyí tí ó wà nínú èèpo hóró psyllium, máa ń ranni lọ́wọ́, nígbà tí èèpo àlìkámà líle lè mú kí inú túbọ̀ wú. Ìlànà oúnjẹ low FODMAP, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Melbourne gbé kalẹ̀, ń yọ àwọn ṣúgà kan tí ìfun kékeré kì í fà dáadáa kúrò nínú oúnjẹ: wọ́n wà nínú àlùbọ́sà, aáyù, àlìkámà, ẹ̀wà, wàrà, ápù àti oyin. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù lórí ìlànà yìí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ di èèwọ̀ ayérayé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni ìpele àkọ́kọ́ yẹ kí ó gbà. Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn yóò máa dá oúnjẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó ń bá a jà, kí ó sì máa jẹ ìyókù ní fàlàlà. Oògùn tí ń dẹ iṣan ìfun àti òróró peppermint wà fún ìrora, loperamide wà fún ìgbẹ́ gbuuru, linaclotide sì wà fún àìrígbẹ́yà. Amitriptyline, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìbànújẹ́ ọkàn, ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ìmọ̀lára ìfun ní ìwọ̀n kékeré: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín aláìsàn 463, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé ìwọ̀n mílígíráàmù 10 sí 30 lóòjọ́ ṣe dáadáa ju oògùn òfìfo, ìyẹn èyí tí kò ní èròjà oògùn nínú, lọ. Ní Manchester ní 1984, Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìtọ́jú tí ń mú ọkàn aláìsàn wọ inú ìparọ́rọ́, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ darí rẹ̀ sí ìfun, lè mú ìrọ̀rùn tí ó hàn gbangba bá àwọn tí oògùn kò ràn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, kò sí àìsàn tí ń jẹ́ IBS. Ohun tí ó bá ń yọ aláìsàn lẹ́nu jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ: xiexie fún ìgbẹ́ gbuuru, futong fún inú rírun, bianmi fún àìrígbẹ́yà. Orúkọ yìí kò tíì sọ ohun tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ń sọ ìyẹn ni àpapọ̀ àmì, tí ó ń so ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ oorun, ìbínú, òtútù ara, àwọ̀ ojú, ahọ́n àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lọ́rùn ọwọ́. Nítorí náà, aláìsàn méjì tí dókítà òyìnbó kọ IBS-D fún lè gba oògùn tí kò jọra rárá lọ́wọ́ oníṣègùn Ṣáínà kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù níbí. Nígbà tí oníṣègùn Ṣáínà bá ní Pi rẹ aláìsàn, àwọn ìwé òyìnbó yóò kọ ọ́ pé spleen ni, ẹ̀yà ara kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn, aláìsàn yóò sì sáré lọ ya àwòrán spleen, tí wọn kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ni Pi jẹ́ nínú ìmọ̀ wọn: òun ni ó ń yí oúnjẹ padà sí agbára, tí ó sì ń pín in kiri ara, òun náà ni ó ń gbá omi tí ó pọ̀ jù kúrò. Bákan náà, Gan, tí wọ́n ń túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀, ni iṣẹ́ tí ń mú kí qi, ìyẹn agbára ìṣíkiri ara, máa ṣàn geerege láìdúró, ìbínú àti ìfúnlọ́kàn ni wọ́n sì gbà pé ó ń dí i lọ́nà. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó tíì wọn qi, n kò sì rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn ni, ọ̀nà náà sì ti wà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ IBS jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Gan tí ń ni Pi lára. Inú aláìsàn yóò lọ́ lójijì nígbà tí inú bá bí i tàbí nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Kíá ni ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀ lé ìrora náà, ìrora yóò sì dínkù lẹ́yìn tí ó bá yà á tán. Ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ máa ń fún un, ó máa ń mí kanlẹ̀, ìlùkìkì ọwọ́ rẹ̀ a sì le bí okùn tí a fà. Oògùn ewé àti egbò fún irú èyí ni Tong Xie Yao Fang, tí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́, torí pé ìrora àti ìgbẹ́ gbuuru wà nínú orúkọ náà gan-an. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: baizhu láti fún Pi lókun, baishao tí í ṣe gbòǹgbò òdòdó peony funfun láti dẹ ohun tí ó fún, chenpi tí í ṣe èèpo ọsàn tangerine gbígbẹ láti mú qi rìn, àti fangfeng. Bí ẹ bá fi èyí wé ìlànà Rome IV tí ó ní kí ìrora ní í ṣe pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ se oògùn yìí ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti ṣàkíyèsí irú aláìsàn kan náà.

Àpẹẹrẹ kejì ni Pi tí kò lágbára. Kò sí ìbínú nínú ti èyí. Bí aláìsàn bá jẹ ọ̀rá díẹ̀ tàbí ohun tútù, ìgbẹ́ rẹ̀ a rọ̀, a sì rí oúnjẹ tí kò dà nínú rẹ̀; ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ojú rẹ̀ a funfun, ahọ́n rẹ̀ a tóbi, a sì ní ojú eyín létí. Shen Ling Bai Zhu San, tí ginseng wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sábà ń fún un. Ẹ̀kẹta ni mo rò pé ó fa ojú mọ́ra jù: ìgbẹ́ gbuuru tí ń jí ènìyàn ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ìsàlẹ̀ inú a tutù, tí ẹ̀yìn àti orúnkún a máa dun ni. Wọ́n gbà pé iná kíndìnrín, tí ó yẹ kí ó gbóná nígbà náà, ti kú, wọ́n sì ń fún un ní oògùn tí ń múni gbóná. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ìgbẹ́ tí ń jí ènìyàn láàárín òru gan-an, tí mo ti kà mọ́ àwọn àmì ewu. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ kíndìnrín bo ó mọ́lẹ̀. Àwọn àpẹẹrẹ mìíràn wà, bíi ooru àti ọ̀rinrin nínú ìfun ńlá, níbi tí ahọ́n ti ní ìdọ̀tí yẹ́lò tí ó nípọn, tí ìdí a sì máa ta ènìyàn bí ó bá yàgbẹ́.

Yàtọ̀ sí oògùn sísè, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún sí ojú ibi kan pàtó lára. Zusanli, nísàlẹ̀ orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ojúgun, ni wọ́n ń lò jù fún ọ̀ràn inú. Tianshu wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdodo méjèèjì. Taichong sì wà lórí ẹsẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e, fún àwọn tí Gan ń yọ lẹ́nu. Fún àwọn tí ara wọn tutù, wọ́n ń sun ewé mugwort gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n sì ń gbé e sún mọ́ awọ ara títí ibẹ̀ yóò fi móoru.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ó ń fi ìṣègùn kan bú èkejì kì í fẹ́ sọ. Lórí IBS, dókítà òyìnbó náà ń fi ìbéèrè àti ìtàn ṣe àyẹ̀wò ni. Rome IV jẹ́ àpapọ̀ àmì tí ìgbìmọ̀ jókòó ṣe ìpinnu lé lórí. Àwọn méjèèjì ń pín ènìyàn sí ọ̀wọ́, àwọn méjèèjì ló sì gbà pé ọkàn tí ó dàrú ń da inú rú. Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà ni pé kí dókítà òyìnbó tó pín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ yọ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ, Crohn tàbí celiac kúrò láàárín wọn. Ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà kò ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Pi tí kò lágbára lè hàn lára ẹni tí ó ní IBS, ó sì lè hàn bákan náà lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, nítorí pé àárẹ̀, ojú tí ó funfun àti ahọ́n tí kò pupa wà lára àwọn méjèèjì. Ahọ́n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ìdí èyí, n kò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìfun láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn Ṣáínà kí ó tó ṣe àyẹ̀wò òyìnbó, bí ó ti wù kí oníṣègùn náà mọ iṣẹ́ tó.

Ǹjẹ́ ìtọ́jú Ṣáínà wá ń ṣiṣẹ́ fún IBS bí? Èsì ìwádìí kò lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní 1998, Bensoussan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 116. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta: ẹgbẹ́ kan gba àpòpọ̀ oògùn kan náà, ẹgbẹ́ kejì gba oògùn tí oníṣègùn po fún oníkálukú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe rí, ẹgbẹ́ kẹta gba oògùn òfìfo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, ara ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ yá ju ti ẹgbẹ́ kẹta lọ, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi ara balẹ̀ pò fún oníkálukú kò ṣe ju èyí tí gbogbo ènìyàn jọ lò lọ. Èyí dun àwọn tí ó gbàgbọ́ pé pípín àpẹẹrẹ ni gbogbo agbára ìṣègùn náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn tí oògùn ti parí, àwọn tí wọ́n pò ó fún lọ́kọ̀ọ̀kan nìkan ni ìrọ̀rùn náà ṣì wà lára wọn. Ìwádìí mìíràn wá jáde ní 2006 láti Hong Kong, níbi tí ìṣègùn náà ti jẹ́ ti ìbílẹ̀ gan-an: aláìsàn IBS-D 119 ni ó kópa, àpòpọ̀ ewé àti egbò mọ́kànlá ni wọ́n sì lò, kò sì ṣe ju oògùn òfìfo lọ. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ní ewé Ṣáínà ti yege ń sáré jù, ẹni tí ó bá sì ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò tíì ka ìwádìí ti Ọsirélíà.

Ti abẹ́rẹ́ ṣe tààrà díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún lójú pọ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tí ń kó èsì ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 17 jọ, tí àwọn ènìyàn inú wọn jẹ́ 1,806. Níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gidi wé abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn, tí aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n ń gún òun, kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ wé oògùn tí ń dẹ ìfun nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, abẹ́rẹ́ ló ta yọ; ṣùgbọ́n nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, aláìsàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, ìmọ̀ yìí nìkan sì tó láti yí èsì padà.

Bí ó ṣe tó láti yí i padà tó hàn nínú ìwádìí tí Ted Kaptchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2008. Aláìsàn IBS 262 ni wọ́n pín sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kàn wà lórí ìlà ìdúró láìgba ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ kejì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn tí kò wọ ara, lọ́wọ́ olùtọ́jú tí kò bá wọn sọ ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹgbẹ́ kẹta gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn kan náà, ṣùgbọ́n olùtọ́jú wọn jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú 45 ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó bá wọn kẹ́dùn, ó sì fi ọkàn wọn balẹ̀ pé ìtọ́jú náà yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 28 nínú 100 ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sọ pé àwọn ti rí ìrọ̀rùn tí ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, 44 nínú 100 ẹgbẹ́ kejì sọ bẹ́ẹ̀, ó sì di 62 nínú 100 fún ẹgbẹ́ kẹta. Kò sí abẹ́rẹ́ gidi kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ní 2010, wọ́n tún fún àwọn aláìsàn IBS ní oògùn òfìfo, wọ́n sì là á yé wọn pé òfìfo ni, kò sí oògùn nínú rẹ̀: 59 nínú 100 rí ìrọ̀rùn, nígbà tí ó jẹ́ 35 nínú 100 fún àwọn tí kò gba nǹkan kan.

Àwọn alátakò ìṣègùn Ṣáínà máa ń mú ìwádìí yìí lò bí kùmọ̀, ṣùgbọ́n etí méjèèjì ni kùmọ̀ náà ń bà. Bí ìfun àti ọpọlọ bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ìṣègùn òyìnbó ṣe fi hàn, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú 45 tí ẹnì kan fi gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn ń dé inú ìfun ní tòótọ́. Oníṣègùn Ṣáínà tí ó ń béèrè nípa oorun, ìbínú, ẹsẹ̀ tí ń tutù àti àkókò tí ìgbẹ́ ń dé ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà kò ní àyè láti ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbà pé níbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àǹfààní tí àwọn aláìsàn ń rí ti ń wá, kò sì sí ohun tí ó ní kí dókítà òyìnbó má ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ewu wà nínú méjèèjì. Alosetron, oògùn òyìnbó fún IBS-D, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2000, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà lọ́dún kan náà nítorí pé ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìfun ńlá kù, ó sì ń fa àìrígbẹ́yà tí ó burú. Nígbà tí ó padà dé ní 2002, ìdíwọ́ líle ni wọ́n fi yí i ká. Ní ti ewé Ṣáínà, èyí tí ó burú jù tí a mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n fi ewé Aristolochia rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti fi rù. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́ pátápátá, àwọn kan sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. IBS kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè wọ inú àpòpọ̀ èyíkéyìí tí a kò bá mọ ibi tí ó ti wá. Gancao, ìyẹn gbòǹgbò licorice tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àpòpọ̀ wọn, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru bí a bá lò ó pẹ́. Danggui, gbòǹgbò mìíràn tí wọ́n ń lò, sì lè mú kí oògùn tí ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, bíi warfarin, ṣiṣẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ kó orúkọ gbogbo ohun tí ó ń mu lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àti oníṣègùn Ṣáínà bákan náà. Kí aboyún má sì fọwọ́ kan àpòpọ̀ kankan láìgba ìyọ̀ǹda dókítà rẹ̀.

Ohun kan wà tí yóò wúlò fún àwọn méjèèjì, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Kí aláìsàn kọ àkókò tí inú run ún, oríṣi ìgbẹ́ nínú méje, ohun tí ó jẹ ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, bí ó ṣe sùn, àti bóyá ohun kan ti bí i nínú tàbí ti bà á lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Kí obìnrin kọ ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé mọ́ ọn. Dókítà yóò rí IBS-C tàbí IBS-D níbẹ̀, oníṣègùn Ṣáínà yóò sì rí Gan tàbí Pi. Bí ìtọ́jú bá wá bẹ̀rẹ̀, kí a máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ low FODMAP, abẹ́rẹ́ àti amitriptyline lọ́sẹ̀ kan náà kò ní mọ èyí tí ó ràn án lọ́wọ́ nínú wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì hàn nínú ìgbẹ́, tàbí tí ara bẹ̀rẹ̀ sí rù, nígbàkigbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, kódà bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ pé IBS ni, kí aláìsàn padà sí ọ̀dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò tuntun.